Ọ̀dá òjò, ọ̀dá ṣúgà: lórí orúkọ tó yẹ ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣe nínú igi kónífà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi sínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ igbó, pàápàá nípa kónífà, ìyẹn àwọn igi bíi páìnì àti júnípà tí kì í yọ òdòdó. Ọ̀gá wa kan dábàá pé kí a máa pe ṣúgà àti sítáàṣì inú igi ní "oúnjẹ ìpamọ́" lápapọ̀. Ẹlòmíràn ní kí a pe ikú tí ọ̀dá ń fi pa igi ní "ikú ebi", ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ta kò ó, ó ní "ikú òùngbẹ" ló bá a mu. Èrò tèmi ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè gbà bí ó ṣe wà, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ nípa igi ohun tí àwọn tó wọn igi náà kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ igi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ewé a máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábónì ṣe ṣúgà. Lára ṣúgà yìí ni igi ti ń ná èyí tí ó fi ń wà láàyè lójoojúmọ́. Lára rẹ̀ ni páìnì ti ń ṣe oje tí ó fi ń lé kòkòrò. Lára rẹ̀ kan náà ni igi ti ń so glúkóòsì mọ́ glúkóòsì títí yóò fi di sẹ́lúlóòsì, tí í ṣe ògidì ara igi. Glúkóòsì yìí náà ni ó ń so pọ̀ lọ́nà mìíràn tó ń jẹ́ sítáàṣì, èyí tí ó ń kó sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ààyè inú igi, inú gbòǹgbò, inú èèpo àti inú ewé. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ni pé igi lè tú sítáàṣì ká kí ó padà di ṣúgà nígbàkígbà tí ó bá nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti di sẹ́lúlóòsì ti di igi nìyẹn, igi kì í gbà á padà mọ́. Nítorí náà, bí a bá ń wá orúkọ kan ṣoṣo tí yóò kó ṣúgà àti sítáàṣì pọ̀, "èròjà aláìdigi" ni mo fara mọ́. Ó sọ ohun tí wọ́n jọ jẹ́, pé wọn kò tíì di ara igi, kò sì fi ohun tí wọn kì í ṣe pè wọ́n.

"Oúnjẹ ìpamọ́" kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi pamọ́ jẹ́ ohun tí a kò lò lọ́wọ́lọ́wọ́, ó sì ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Lórí èyí èkejì, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá igi ń dìídì kó sítáàṣì jọ ni tàbí ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìdàgbàsókè ló kàn ń di sítáàṣì. Lórí èyí àkọ́kọ́, ọ̀ràn ṣúgà ti hàn kedere. Nígbà tí ọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀, ìdàgbàsókè igi ni yóò kọ́kọ́ dúró, kí ewé tó ṣíwọ́ ṣíṣe ṣúgà, nítorí náà ṣúgà lè pọ̀ sí i nínú igi tí ìyà omi ti ń jẹ. Bí ọ̀dá bá ń le sí i, igi a máa tú sítáàṣì rẹ̀ sí ṣúgà, nítorí pé ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì ló ń bá a di omi mú kí ó má baà rọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kà pé "oúnjẹ ìpamọ́" pọ̀ sí i nígbà ọ̀dá yóò rò pé igi náà ń rọ́wọ́ mú, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà àtilà á já ló ń wá. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya wọ́n: kí a máa pe ọ̀kan ní "sítáàṣì ìpamọ́", kí a sì máa pe èkejì ní "ṣúgà ìlò".

Ìyàtọ̀ yìí hàn lójú pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá sítáàṣì wà nínú páìnì kan yóò fi irin oníhò fa ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò nípọn tó pẹ́ńsù, jáde láti ara rẹ̀, yóò sì kán áyódíìnì sí i. Níbi tí sítáàṣì bá wà, àwọ̀ rúsúrúsú áyódíìnì yóò yí padà di àwọ̀ aró: yóò hàn ní apá òde tó sún mọ́ èèpo, yóò sì dáwọ́ dúró níbi tí ọkàn igi bá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí sẹ́ẹ̀lì ààyè níbẹ̀ mọ́. Ṣúgà kì í fara hàn lọ́nà yìí rárá. A gbọ́dọ̀ lọ igi náà kúnná, kí a fi omi gbígbóná tàbí ọtí líle fà á yọ. Ó sì yẹ kí a ti yára fi ooru tàbí yìnyín dá iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dúró, nítorí pé lẹ́yìn tí a bá gé wọn tán, wọn a ṣì máa ná ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣàyẹ̀wò wọn igi kan náà, iye tí wọ́n rí yàtọ̀ síra gan-an. Bí òṣùwọ̀n bá lè yàtọ̀ tó báyìí, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tún da kún ìdàrúdàpọ̀ náà.

Mo bọ́ sí ọ̀ràn ebi àti òùngbẹ, èyí tó ká mi lára jù. Láàrin ọdún 2000 sí 2003, ọ̀dá líle mú gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Mesita del Buey, lẹ́bàá Los Alamos ní New Mexico, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún páìnì tí wọ́n ń pè ní Pinus edulis tó kú, kòkòrò inú èèpo sì bá ọ̀dá lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú igi júnípà tó wà láàrin wọn kò kú. Ní ọdún 2008, onímọ̀ nípa igi kan, Nate McDowell, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ọ̀dá lè gbà pa igi. Páìnì yìí a máa tètè pa ihò mímí ewé rẹ̀ dé kí omi má baà lọ. Ṣùgbọ́n bí omi kò ṣe jáde ni afẹ́fẹ́ kábónì kò ṣe wọlé, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì gbogbo ń ná ṣúgà nìṣó. Júnípà a máa ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ́, ewu tirẹ̀ sì ni pé kí okùn omi tó ń ti gbòǹgbò gòkè já, kí afẹ́fẹ́ sì gba ọ̀nà omi.

Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, à bá fún páìnì ní "ebi", à bá fún júnípà ní "òùngbẹ". Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, Henry Adams àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn kó ìwádìí lórí oríṣiríṣi igi jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn igi tí ọ̀dá pa ti pàdánù 60 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú agbára wọn láti gbé omi gòkè. Ìdínkù ṣúgà àti sítáàṣì wà nínú àwọn kan, ó sì wọ́pọ̀ nínú kónífà ju nínú àwọn igi olódòdó lọ, ṣùgbọ́n kò sí nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ igi ló kú tí èròjà aláìdigi ṣì kù nínú wọn, ó sì lè jẹ́ nítorí pé omi kan náà ló ń gbé ṣúgà gba abẹ́ èèpo lọ sí gbòǹgbò; bí omi bá wọ́n, ẹrù kò ní dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì wọnú ara wọn.

Èyí ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ "ikú ebi", torí pé létí wa, ẹni tí ebi pa kú kò ní nǹkan kan. Ní ti "òùngbẹ", omi ní í pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n bí okùn omi bá ti já káàkiri inú igi, òjò lè rọ̀ lọ́jọ́ kejì kí igi náà má sì yè. Mo dábàá "jíjá okùn omi" fún èyí. Fún tàkọ́kọ́, mo dábàá "ọ̀dá ṣúgà". Ẹni tí ọ̀dá owó dá lè ní ilẹ̀, ó lè ní ilé, kó má sì rí owó tí yóò ná lónìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni igi tí sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀ ṣe lè ṣàìrí ṣúgà lò ní gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀dá ti di méjì nínú gbólóhùn kan. Ìdáhùn mi ni pé kí a máa pe ti ojú ọ̀run ní "ọ̀dá òjò" ní kíkún, èyí tí a ti ń sọ tẹ́lẹ̀, kí a sì fi "ẹ̀ẹ̀rùn" sílẹ̀ fún ìgbà gbígbẹ tó ń wá lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù. "Ògì" kò lè rọ́pò sítáàṣì, nítorí ògì ti kan, ó sì ní ju sítáàṣì lọ nínú. "Igi eléwé-abẹ́rẹ́" náà kò lè dúró fún kónífà: ewé ọ̀pọ̀ júnípà tó dàgbà dà bí ìpẹ́, igi tí a sì ń pè ní páìnì ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn wa nílé, tó ń súfèé nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe kónífà rárá bí ó tilẹ̀ jọ ọ́, Casuarina ni. Kí a kọ "kónífà" bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi, báyìí ni mo fẹ́ kí a kọ ìtumọ̀ náà: "Ọ̀dá ṣúgà: ipò tí igi kan wà nígbà tí ṣúgà ìlò tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná, ìbáà jẹ́ pé sítáàṣì ìpamọ́ ti tán, ìbáà sì jẹ́ pé ó ṣì wà ṣùgbọ́n tí kò sí omi tí yóò gbé ṣúgà rẹ̀ dé ibẹ̀."