Ẹni tó kúrò láàárín ìdánwò oògùn HIV: báwo ni kí n ṣe kà á?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìṣirò ìlera, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà.

À ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tí oògùn ti tẹ kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ba. A ó fi kèké pín wọn: apá kan á máa lo oògùn àtijọ́ lọ, ìkejì á bọ́ sórí tuntun. A fẹ́ mọ̀ bóyá tuntun kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ọ̀sẹ̀ 48 kò dà mí láàmú. Àlàfo 4 nínú ọgọ́rùn-ún tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn la mú: ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù tí a lè gbà kí tuntun fi burú ju ti àtijọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ọdún 3 ni ìdánwò náà. Nínú àkọsílẹ̀ ìdánwò wa kan tẹ́lẹ̀, mo rí ẹnìkan tí kòkòrò rẹ̀ kò tó 50 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ 96. Lẹ́yìn náà, àyè òfìfo títí dé 144. Ṣé ó kó lọ ni? Ṣé ó ti dá oògùn dúró? Bí mo bá kà á mọ́ àwọn tí oògùn kò ràn, mo lè parọ́ mọ́ oògùn. Bí mo bá yọ ọ́, ta ló sọ pé àwọn tó kù jọ àwọn tó lọ? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí ọ̀pọ̀ bá dá oògùn dúró ní apá méjèèjì, ìyàtọ̀ á parẹ́, oògùn tí kò dáa á wá dà bí èyí tó dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ọ̀nà wo lẹ fi kà wọ́n? Ṣé kí n sì ka àìsàn ńlá àti ikú pẹ̀lú, bíi ti SMART, ìdánwò tó fi lílo oògùn HIV láìdúró wé dídá a dúró fúngbà díẹ̀, tó gba èèyàn 5,472?