Ẹ̀rọ oníná tàbí rọ́bọ́ọ̀tì fún ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú: ta ló ti lò ó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ lórí ọ̀rọ̀ bàbá mi, tá a jọ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá òsì lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ti ń gbé wọn, ọ̀rọ̀ sì ń já gaara lẹ́nu wọn (àní ó ti ń pọ̀ jù!), ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ò tíì jẹ́ ìpè. Wọ́n lè ká ìka kò, wọn ò lè nà án.

Oní-físíò wọn dábàá ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tó ń fi iná díẹ̀ ta iṣan jí kí ọwọ́ lè ṣí. Kì í ṣe pé kí bàbá kàn jókòó o: bí iná bá ṣe ń wọlé ni kí àwọn náà máa gbìyànjú láti mú ife, kí ọpọlọ lè tún iṣẹ́ náà kọ́. Wọn ò ní wárápá, wọn ò sì ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn, tó lè mú kí irú iná bẹ́ẹ̀ léwu fún wọn.

Àbúrò mi ní tiẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé apá ló fẹ́ ká sanwó fún. Owó yẹn ń bà mí lẹ́rù. Nínú ìwádìí RATULS tí wọ́n ṣe lórí irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ UK níbí, tó jáde lọ́dún 2019, èèyàn 770 ló kópa, rọ́bọ́ọ̀tì ò sì mú kí ọwọ́ wúlò ju ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti lo èyíkéyìí, ẹ jọ̀ọ́: nígbà tẹ́ ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò, ṣé ọwọ́ ṣì ń ṣí? Ṣé ẹnì kan ti lo méjèèjì pọ̀? Báwo la sì ṣe ń bẹ bàbá tó ní a fẹ́ fi iná pa òun?