Ẹ̀gbẹ́ ìta ni bàtà mi ti ń jẹ, kí ló dé tó jẹ́ inú orúnkún ló ń dùn mí?

Alárìnká: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wákàtí kan ni mo máa ń fi rìn láràárọ̀. Ó ti tó oṣù 3 báyìí tí orúnkún ọ̀tún ti ń ro mí lápá inú, níbi tó kọjú sí èkejì rẹ̀. Mo yí bàtà mi wò, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá ìta. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ bí ọrun láti kékeré, wọn a ní ewúrẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹnìkan ní kí n ra tìmùtìmù inú bàtà tó ga lápá inú. Ṣé kí n rà á?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò mọ ti tìmùtìmù, ṣùgbọ́n bàtà tó ti jẹ, ẹ jù ú nù ná.

Físíò (olùtọ́jú iṣan àti oríkèé): Ẹ má tíì rà á. Ẹ fojú inú fa okùn láti oríkèé ìbàdí yín dé ọrùn ẹsẹ̀. Lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́, okùn náà á gba nǹkan bí àárín orúnkún kọjá. Orúnkún tiyín ti sá síta, okùn wá bọ́ sápá inú, ibẹ̀ sì ni ìwúwo ara ń tẹ̀. Bí a bá ń rìn, orúnkún máa ń gbé ìlọ́po 2 sí 3 ìwọ̀n ara wa. Kódà lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ geere, apá inú ló ń gbé èyí tó ju ìdajì lọ. Tìmùtìmù tó ga lápá inú lè dá kún un ni. Èyí tó ga lápá ìta ló máa ń dín in kù, ìyẹn náà, díẹ̀ ni, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni ìrora rẹ̀ ń lọ.

Bàtà pàápàá, ẹlẹ́rìí tí kò dájú ni. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá ìta ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ fi ń kanlẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí orúnkún wọn tẹ̀ síta, àmọ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ sínú kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè kanlẹ̀ dáadáa. Bàtà tiwọn, inú ló ti ń jẹ.

Adúmáadán: Òdìkejì yín lèmi, K-leg ni mí. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi pẹlẹbẹ, ìhà àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹlẹ̀, iwájú orúnkún ló sì ń dùn mí. Tìmùtìmù oríṣi 3 ni mo rà (wọ́n ṣì wà ńlé, ẹni bá fẹ́ kó wí). Ìgbà tí wọ́n ní kí n fẹsẹ̀ kan dúró níwájú dígí, kí n rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo rí i tí orúnkún ń ya wọnú. Iṣan ìbàdí ni kò lágbára. Eré ìdárayá ìbàdí ló ràn mí lọ́wọ́.

Alárìnká: Físíò, kí ni kí n wá ṣe?

Físíò: Ẹ dín wákàtí yẹn kù sí ìdajì ná, kẹ́ ẹ mú iṣan itan le. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ yí ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀. Bí ẹ bá máa lo ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni o, kì í ṣe ọ̀tún. Bí ẹ bá sanra, kílò 1 tẹ́ ẹ bá jò, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wú, tàbí tó há tí kò ṣe é nà, ẹ lọ rí dókítà.

Alárìnká: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí bàtà òsì wò. Bákan náà ló ṣe jẹ, orúnkún òsì ò sì dùn mí rí.