Báwo ni ká ṣe fi aṣọ ẹbí gbé ọjà ìyá wa lárugẹ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àdìrẹ ni ìyá mi ń ṣe, tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró léraléra kó tó dúdú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń wá láti Ṣáínà, ti kún ọjà, ó sì pọ̀kú. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá mi máa pé 60 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Ó wù mí ká fi àdìrẹ tiwọn dá aṣọ ẹbí, kí kálukú sanwó kó tó gbaṣọ, torí ẹbí ló máa ń ra àwìn jù. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọn ò fi ní bínú?