Ilé olódi kan ní Umbria: ṣé ká san àsansílẹ̀ tí éjéǹtì ń béèrè?

Ìyá Bèjì Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ítálì ni mò ń wá. Èmi, ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì fẹ́ da owó pọ̀ ra ibì kan tí a ó máa fi gba àlejò, tí èèyàn á lè ti ṣe ìgbéyàwó. A rí ilé olódi kan, kò jìnnà sí Perugia. Wọ́n ní ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ rẹ̀. Yàrá mọ́kànlá, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú ọgbà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, hẹ́kítà 14 tí igi ólífì wà lápá kan rẹ̀. Éjéǹtì ní wọ́n ti tún un ṣe látòkè délẹ̀. Mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ yúrò ni wọ́n pè é.

A lọ wò ó lóṣù tó kọjá. Mo gun ilé ìṣọ́ yẹn dókè, mo ń wo òkè lẹ́yìn òkè, àfi ìgbà tí ọkọ mi ní kí n pa ẹnu dé. Ní báyìí éjéǹtì ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá wò ó, pé ká san ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ká san? Kí ló wà lára irú ilé yìí tí ojú wa ò rí?

Bíríkìlà Foligno

Ìyá Bèjì, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òkúta níbí: Todi, Gubbio, Spoleto. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i" lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó bù ú àti ohun tó fi bù ú.

Ògiri irú ilé yẹn kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo. Òkúta gbígbẹ́ ló wà níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n wá rọ àfọ́kù òkúta àti ẹfun sáàárín. Ó máa ń fa omi látinú ilẹ̀, ó sì ń mí omi náà jáde. Bí wọ́n bá fi ẹfun tí wọ́n ń pè ní calce rẹ́ ẹ, kò séwu. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, omi há sínú nìyẹn. Iyọ̀ inú rẹ̀ á máa tú síta, ojú òkúta á sì máa ṣí bí èépá. Bíríkìlà ni bàbá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún, kò sóhun tí kì í fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Òun ló rẹ́ ilé alámọ̀ bàbá tirẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn òjò ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ já bọ́. Ibí ni mo ti wá mọ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ilé ìṣọ́ sílẹ̀, ẹ padà lọ wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo ògiri níbi tó ga dé orúnkún, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà nìkan, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Òmíràn: ẹ ó rí irin bíi lẹ́tà X lára ògiri lóde. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Orí irin gígùn tó gba inú ilé kọjá ni, òun ló di ògiri méjì mú kí wọ́n má ya síta bí ilẹ̀ bá mì. Ilẹ̀ sì ń mì níbí. Lọ́dún 1997, àjà ṣọ́ọ̀ṣì San Francesco ní Assisi já lulẹ̀, ó pa èèyàn mẹ́rin. Ní October 30, 2016, àárọ̀ Sunday, orí ibùsùn ni mo wà tí ilẹ̀ fi gbé mi mì, ọjọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì San Benedetto wó ní Norcia. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ẹnjiníà tó fún ilé náà lókun hàn yín. Bí kò bá sí ìwé, a jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n kùn.

Àdùkẹ́ B.

Ẹ kúulé mà. Ọ́fíìsì notaio (òṣìṣẹ́ òfin tó ń fìdí ìwé ilé múlẹ̀) kan ní Bologna ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un.

Owó tí wọ́n ń béèrè yẹn, bó bá jẹ́ caparra confirmatoria ni wọ́n kọ, bí ẹ bá yí ọkàn padà, ó ti lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń tà ló yí ọkàn padà, ìlọ́po méjì ló máa dá padà. Ẹ má fọwọ́ sí i láìkọ àwọn àyẹ̀wò yín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn.

Ẹ béèrè bóyá ìjọba ti fi òfin dè é gẹ́gẹ́ bí ilé àtayébáyé, ohun tí wọ́n ń pè ní vincolo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin ọdún 2004, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tán, tí wọ́n sì fi tó ìjọba létí, ìjọba ní 60 ọjọ́ láti sọ pé àwọn fẹ́ rà á ní iye kan náà. Láàárín ìgbà yẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ilé lé yín lọ́wọ́. Ìyẹn ni kí ẹ má ṣe gba owó ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àti pé láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé, ẹ ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Soprintendenza, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé àtayébáyé.

Ti owó orí tí wọ́n ń san lórí ilé rírà: ilé tí wọ́n bá kọ sí A/9 nínú ìwé ìjọba, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn castello (ilé olódi), kò lè jẹ àǹfààní ìdá 2 nínú 100 tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ra ilé tó máa gbé. Ìdá 9 nínú 100 ni. Ilẹ̀ oko, ìdá 15 nínú 100 fún ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá bá tiyín pààlà tún lè gba ilẹ̀ oko náà ní iye kan náà, ẹ wádìí ta ni aládùúgbò yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti ṣọ́ irú ilé yìí rí ní Toscana fún ọlọ́jà kan, òtútù méjì gbáko. Yàrá ogún, mẹ́ta là ń tan ooru sí. Táńkì ni wọ́n ń rọ gáàsì sí, bí òjò bá sì ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ gáàsì ò ní gòkè. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà UK nìkan kò lè dúró níbí ju 90 ọjọ́ nínú 180 lọ mọ́. Ta ló máa bá yín dúró ti ilé?

Ìyá Bèjì Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, mo lọ tú fọ́tò mi wò. Ní yàrá ìdáná, ẹ̀yìn fíríìjì, ohun funfun kan wà níbẹ̀ bí iyọ̀. Éjéǹtì ní ọ̀dà tuntun ni.

Bíríkìlà Foligno

Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ mú ṣíbí dání, ẹ fi ha á. Bó bá dà lulẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, ẹ pè mí, kò jìnnà síbi tí mo wà, àfi ọjọ́ Sunday.