Ìnṣọ́ráńsì ibi iṣẹ́ mi ò sanwó lúùpù, ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Texas:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọsibítù Kátólíìkì kan ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí ní Texas, iṣẹ́ ò burú, owó náà ò burú. Ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ẹ̀gbọ́n wọn méjì ń bẹ nílé, èmi àti bàbá wọn wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ni mo bá lọ bá dókítà kó bá mi fi lúùpù ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú ilé ọmọ. Ọmọge tó jókòó síwájú gba káàdì ìnṣọ́ráńsì mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó ní wọn ò ní sanwó ẹ̀, pé tí mo bá fẹ́ fi owó ara mi ṣe é ó máa lé ní 1,000 dọ́là. Háà! Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ò san kọ́bọ̀ fún tiẹ̀. Mo délé mo tú ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, wínníwínní nísàlẹ̀, pé ìgbàgbọ́ àwọn ò gbà á. Ọmọ CAC ni mí o. Ṣé òfin gbà kí wọ́n fi ẹ̀sìn wọn dí mi lọ́wọ́?

Ọmọ Ọ̀tà:
Òfin gbà wọ́n láyè, màmá ìbejì. Òfin ìlera tí Obama fọwọ́ sí ní 2010 ló ní kí ìnṣọ́ráńsì máa sanwó ìtọ́jú tó ń dènà àìsàn, nígbà tó di 2011 wọ́n ka ìfètò-sọ́mọ-bíbí mọ́ ọn. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wàhálà wá ku àwọn tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Hobby Lobby tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ gbé ìjọba lọ kọ́ọ̀tù, nínú oríṣi ìfètò-sọ́mọ-bíbí 20 wọ́n gba 16, 4 ni wọ́n kọ̀ torí lójú tiwọn ó jọ oyún ṣíṣẹ́, lúùpù sì wà nínú 4 yẹn! Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀, 100 dọ́là lójúmọ́ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sùpírímù Kọ́ọ̀tù dá wọn láre ní 2014, adájọ́ 5 sí 4, òfin 1993 tó ń dáàbò bo ẹ̀sìn èèyàn lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n gùn lé. Àwọn sístà Kátólíìkì, Little Sisters of the Poor, tó ń tọ́jú arúgbó náà tún dé, ìwé lásán ni ìjọba ní kí wọ́n fọwọ́ sí kí ẹlòmíì lè sanwó ẹ̀, wọ́n ní fífọwọ́ sí i gan-an ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọba Trump fẹ ààyè náà ní 2017 kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lè kọ̀, Sùpírímù Kọ́ọ̀tù gbè wọ́n ní 2020, 7 sí 2.

Jósẹ́fù Ọmọ Màríà:
Kátólíìkì ni mí, ẹ má bínú. Wọn ò ní kẹ́ ẹ má fi lúùpù, owó àwọn ni wọ́n ní àwọn ò ní fi rà á. Alhaja Àbẹ̀kẹ́ ṣáà ń bẹ níbí, ṣé wọ́n máa gbà kí ìjọba fipá mú wọn ra ẹlẹ́dẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn?

Alhaja Àbẹ̀kẹ́:
Jósẹ́fù, o ò ní fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ń bá mi dirun ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo bá sanwó fún wọn lọ́jọ́ Fúráìdeè tí wọ́n lọ fi ra odindi ẹlẹ́dẹ̀, kí ló kàn mí? Ìnṣọ́ráńsì yẹn, owó iṣẹ́ ìyá ìbejì ni, kì í ṣe sàráà. Àmọ́ mi ò ní purọ́, tí wọ́n bá ní kí n máa fọwọ́ sí ìwé ẹlẹ́dẹ̀ lóṣooṣù, ọwọ́ mi á gbọ̀n díẹ̀.

Ìyá ìbejì, ẹ bi HR, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bóyá àwọn onínṣọ́ráńsì fúnra wọn ń san án lọ́tọ̀, torí ibi iṣẹ́ míì máa ń yan ìyẹn. Tí ò bá sí, ẹ wọ ìnṣọ́ráńsì bàbá wọn. Àwọn kílíníìkì Title X tí ìjọba ń fowó ràn lọ́wọ́ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà wà, iye tó ń wọlé fún yín ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó dá yín lówó. Opill, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, sì wà ní kẹ́míìsì, kò gba ìwé dókítà, bí 20 dọ́là lóṣù.

Ìyá Ìbejì Texas:
Ẹ wá gbọ́ o. HR ní káàdì kejì tí mo lè fi ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti wá sílé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, orúkọ ọsibítù ò sí lára ẹ̀, ti onínṣọ́ráńsì nìkan. Mo tú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì, àárín àwọn ìwé pízà ló wà, ẹ̀gbọ́n ìbejì ti fi bíírò ya mọ́tò sẹ́yìn ẹ̀. Mo ṣe bí àwọn tó ń polówó ọjà ni! Ilé iṣẹ́ kan náà, káàdì méjì, torí kí ọwọ́ àwọn kan má bàa kàn án. Wọ́n ti fún mi ní Túsìdeè kí n wá fi lúùpù náà.