Bí owó oṣù bá lé, ṣé owó orí á gbé èlé náà lọ ni?

Tíṣà Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iléèwé mi fẹ́ gbé owó oṣù mi láti ₦250,000 sí ₦280,000. Bọ́sà ní kí n má tíì yọ̀, pé bó bá ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, ìdá 18 nínú 100 nìjọba máa gé, ohun tó máa kù á wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀. ₦400,000 lowó ilé mi lọ́dún. Ṣé òótọ́ ni?

Akáńtà Tanke: Irọ́ ni, ẹ gba owó yín jàre. Èyí tó bá lé lórí mílíọ̀nù mẹ́ta nìkan ni ìdá 18 ń kàn. Nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, ìdá 18. Ó ń gòkè títí dé ìdá 25, àwọn tó ń gbà ju àádọ́ta mílíọ̀nù lọ nìyẹn kàn.

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8, àti ìdá 20 owó ilé. Nínú ₦3,360,000 yín, ẹ yọ ₦268,800 àti ₦80,000, ó ku ₦3,011,200. ₦11,200 péré ni ìdá 18 bá! Owó orí ọdún jẹ́ ₦332,016, ìyẹn ₦27,668 lóṣù. ₦23,500 ni tẹ́lẹ̀. Nínú ₦30,000 tí wọ́n fi kún un, bí wọ́n bá ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ₦23,432 ń bọ̀ lápò yín.

Ìyá Ìbejì: Rìsíìtì ilé ńkọ́? Bí ẹ ò bá fún bọ́sà, kò ní yọ ₦80,000 yẹn, ẹ óò sì san ₦14,400 lé lọ́dún. Bó ti wù kí ilé wọ́n tó, ohun tí wọ́n lè yọ kò ju ₦500,000 lọ. Ẹ wò ó bóyá ìwé ìṣirò àtijọ́ ló ṣì ń lò.

Aránṣọ Ọjà Ọba: Àwa tí kò sẹ́ni tó ń gé tiwa ńkọ́?

Akáńtà Tanke: Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ fún KW-IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Kwara, ó pẹ́ tán, 31 March. Èrè ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé: ẹ yọ owó òwú, owó iná, owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, wọ́n á fojú díwọ̀n tirẹ̀, ó sì ṣòroó bá wọn jiyàn.

Tíṣà Ọ̀fà: Ẹ ṣeun. Bí mo bá ríṣẹ́ sí Ìkirun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí mo ṣì ń gbé Ọ̀fà?

Akáńtà Tanke: Kwara náà lẹ máa san án fún. Ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò.